Ọjọ́ Tí A Yí Adágún Jenny Ká

Ọdún 31 ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní jógíráfì. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń ya àwòrán kan náà sójú pátákó: odò yìnyín tó ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti orí òkè, òkìtì òkúta àti erùpẹ̀ tó ń tì síwájú bó ṣe ń bọ̀, àti adágún tó kù sílẹ̀ nígbà tí yìnyín náà yọ́ tán. Wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ láìfojú kan irú adágún bẹ́ẹ̀ rí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ fún àwa méjèèjì láti lo ọ̀sẹ̀ kan ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú Adágún Jenny, tó wà lẹ́sẹ̀ àwọn òkè Teton ní ìpínlẹ̀ Wyoming. Òkè àti omi fara kan ara wọn níbẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan tó gùn tó kilomítà 11 sì yí omi náà po, débi pé ènìyàn lè wo iṣẹ́ tí yìnyín ṣe láti iwájú, láti ẹ̀yìn àti láti òkè rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

A ti sùn fún ọjọ́ méjì ní agbègbè náà kí ọjọ́ ìrìn wa tó pé, nítorí pé ojú adágún yìí fúnra rẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 2,067 ga ju ojú òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé ẹni tó bá ti ilẹ̀ pẹrẹsẹ dé lónìí, tó sì fẹ́ gun òkè lọ́la, èémí rẹ̀ yóò máa gé kí ó tó rin ìrìn wákàtí kan. Mo rọ gbogbo ẹni tó bá ń lọ pé kí wọ́n fún ara wọn ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, kí aago méje tó lù, a ti gbé ọkọ̀ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà ní gúúsù ìlà oòrùn adágún náà, nítorí pé ibẹ̀ máa ń kún kíákíá ní ìgbà ooru. A ní omi púpọ̀, aṣọ òjò, aṣọ òtútù, ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì fún ẹ̀gbọ́n mi tí orúnkún ọ̀tún wọn máa ń dùn wọ́n, àti agolo ata tí wọ́n ń fín sójú béárì. Ìgbànú mi ni mo so agolo náà mọ́, n kò kì í sínú àpò, nítorí pé agolo tó wà nísàlẹ̀ àpò kò lè ran ẹni tí ẹranko ti yọ sí lọ́wọ́.

Nígbà tí a jáde láàárín àwọn igi páìnì, tí omi ṣí sílẹ̀ gbalasa níwájú wa, àwa méjèèjì dúró. Oòrùn tó ń yọ lẹ́yìn wa kò tíì kan ojú omi, ṣùgbọ́n ó ti kan ṣóńṣó àwọn òkè tó wà ní òdìkejì, ó sì ti kun òkúta eléérú wọn ní osùn láti òkè dé agbede méjì. Teewinot ló sún mọ́ wa jù nínú wọn. Èdè àwọn ará Shoshone, ìran kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni orúkọ yìí ti wá, ó túmọ̀ sí ṣóńṣó púpọ̀, ẹni tó bá sì fojú rí òkè náà kò ní bèèrè ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni pé kò sí òkè kéékèèké kankan tó ṣáájú wọn, bí ìránṣẹ́ ti máa ń ṣáájú ọba. Ilẹ̀ tẹ́jú, ó tẹ́jú títí dé etí omi. Omi pàápàá tẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni ògiri òkúta kàn gbéra láti etí omi kejì, ó sì forí lé ọ̀run. Grand Teton, tó ga jù nínú gbogbo wọn, ga tó mítà 4,199, èyí tó túmọ̀ sí pé ó fi ohun tó ju mítà 2,100 lọ ga ju ibi tí ẹsẹ̀ wa wà.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí òkè yìí kò fi ní àtẹ̀gùn?”

Wọ́n na ọ̀pá wọn sí òdìkejì omi. Wọ́n ní, “Wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti là. Apá ọ̀hún ń gòkè, apá ibi tí a dúró sí yìí ń rì.”

Bọ́rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Kò tíì tó mílíọ̀nù 10 ọdún tí ilẹ̀ náà ti ń yà bẹ́ẹ̀, èyí ló sì sọ àwọn òkè Teton di àbíkẹ́yìn láàárín gbogbo òkè Rocky, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta inú wọn ti dàgbà gan-an; àwọn kan nínú rẹ̀ ti tó bílíọ̀nù 2.7 ọdún. Ilẹ̀ á dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni pé kò ní mì mọ́, lẹ́yìn náà ni ìmìtìtì ilẹ̀ á dé, tí òkè á gbéra, tí àfonífojì á sì rì, ìyàtọ̀ àárín wọn sì lè fi tó mítà 3 pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lórí Òkè Moran, tó wà ní apá àríwá, òkúta oníyanrìn kan ṣẹ́kù sí téńté rẹ̀ bíi fìlà. Yanrìn etí òkun ayé àtijọ́ ni, ó sì ti lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún. Ibi tí ìyókù òkúta kan náà wà ni abẹ́ àfonífojì tí à ń rìn lórí rẹ̀, níbi tó jìn ju mítà 6,000 lọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Òkè tí ojú wa ń rí kò ju ìdá díẹ̀ lọ nínú ibi tí ilẹ̀ náà ti sún dé.

A fi omi sọ́wọ́ ọ̀tún, a sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Afárá kan wà níbi tí omi adágún náà ti ń ṣàn jáde, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí òkìtì gígùn kan tí igi bò, tí òkúta ńlá àti kékeré kún inú rẹ̀ láìlétò. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń tẹ̀ yóò kọjá lórí rẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn, kí ó lè tètè dé ibi tí wọ́n ní ó lẹ́wà. Ẹ̀gbọ́n mi kò kọjá. Wọ́n dúró, wọ́n fi ọ̀pá gún ilẹ̀ níbí, wọ́n gún un lọ́hùn-ún, wọ́n wo ẹ̀yìn lọ sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n wo iwájú lọ sí ẹnu àfonífojì tóóró tí wọ́n ń pè ní Cascade Canyon, tó là láàárín àwọn òkè ní òdìkejì omi. Mo rí i lójú wọn pé ohun kan ti yé wọn.

Láti inú Cascade Canyon yẹn ni odò yìnyín ti sọ̀kalẹ̀ ní ìgbà òtútù ńlá ayé àtijọ́. Ó ń ha àpáta bó ṣe ń bọ̀, ó ń kó ohun tó ha mọ́ra, títí ó fi jáde sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì dúró. Ìdúró náà kì í ṣe pé kò rìn mọ́. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ti yìnyín tuntun wá ni iwájú rẹ̀ ń yọ́, gbogbo òkúta àti erùpẹ̀ tó rù sì ń dà sílẹ̀ sójú kan náà, ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí ayé wá móoru, ní ohun tó ti lé ní 10,000 ọdún sẹ́yìn, yìnyín náà sún padà sínú òkè. Ó fi kòtò tó ti gbẹ́ sílẹ̀, ó sì fi òkìtì tó kó jọ dí ẹnu kòtò náà. Omi wá kún un. Adágún Jenny nìyẹn. Orí ìdènà náà gan-an ni à ń rìn.

Ẹ̀gbọ́n mi tún ní kí n wo igi. Mo ti ń wo igi láti àárọ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí wọ́n rí. Orí òkìtì yìí àti àwọn irú rẹ̀ nìkan ni igi páìnì pọ̀ sí, nítorí pé erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú tí yìnyín lọ̀ wà láàárín àwọn òkúta rẹ̀, ó sì ń di omi mú. Lọ́gán tí a bá sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, òkúta wẹ́wẹ́ tí omi yìnyín yíyọ́ ti fọ̀ mọ́ ló wà níbẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ á rì wọlẹ̀ kíá, ewéko kúkúrú olóòórùn dídùn tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú nìkan ló sì ń rọ́jú hù. Igi ló wá ń tọ́ka ibi tí yìnyín dúró sí. Láti ìgbà náà ni n kò ti lè wo igbó yẹn bí igbó lásán mọ́.

Òkúta kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tó ga tó àyà ẹ̀gbọ́n mi, etí rẹ̀ ti ṣe roboto, bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ yí i. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, wọ́n sì fi síbẹ̀ pẹ́. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ pé, “Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ọ̀kì yà ọ́.” N kò fèsì. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi.

Bí a ṣe ń sún mọ́ ìwọ̀ oòrùn ni òkè ń pòórá, èyí tí n kò retí. Ẹsẹ̀ Teewinot la wà, ó sì sún mọ́ wa débi pé a kò rí orí rẹ̀ mọ́; igi, òkúta àti òjìji nìkan ló kù. Lẹ́yìn ìrìn tó ju wákàtí méjì lọ ní ìṣísẹ̀ tí orúnkún wọn fara mọ́, a gbọ́ ohùn omi Cascade Creek, a sì bá àwọn tó ti bá ọkọ̀ ojú omi kọjá tààrà láti etí kejì pàdé. Èrò pọ̀ níbi ìtàkìtì omi tí wọ́n ń pè ní Hidden Falls. Omi náà funfun, ohùn rẹ̀ sì ń mú kí àyà máa dún. A wò ó díẹ̀, a sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ibi tí mo fẹ́ kí wọ́n dé ni Inspiration Point, tó fi nǹkan bíi mítà 130 ga ju ojú adágún lọ. Ọ̀nà rẹ̀ ga, ó tóóró, ara àpáta ni wọ́n sì ti gbẹ́ apá kan rẹ̀, ògiri òkúta ní ẹ̀gbẹ́ kan, òfìfo ní èkejì. Mo rìn lẹ́yìn wọn. Ìsinmi wa pọ̀ lọ́nà, nínú ọ̀kan lára rẹ̀ ni a sì gbọ́ igbe fíín láàárín òkúta, tí a rí ẹranko kékeré kan tó dà bí ehoro tí etí rẹ̀ kúrú, tó gbé ewé sẹ́nu. Pika ni wọ́n ń pè é. Kì í sun oorun ìgbà òtútù. Koríko ló máa ń sá gbẹ ní ìgbà ooru, á sì kó o pamọ́ sábẹ́ òkúta láti jẹ nígbà tí òjò dídì bá bo gbogbo ilẹ̀.

Nígbà tí a dé òkè, tí a kọjú sí ìlà oòrùn, gbogbo adágún náà wà nísàlẹ̀ wa, ó dúdú bí aró láàárín, ó sì ní àwọ̀ ewé létí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkìtì tí a rìn kọjá láàárọ̀, tí igi bò, tó yọ lára ilẹ̀ pẹrẹsẹ eléérú bí apá ìyá tó gbá ọmọ mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu wọn: “Ó tẹ̀.” Mo rò pé wọn yóò ṣàlàyé, ṣùgbọ́n wọn kò ṣàlàyé.

A kò pẹ́ níbẹ̀. Ìwọ̀ oòrùn ni òjò ti ń wá sí àwọn òkè wọ̀nyí, nítorí náà ẹni tó wà ní Inspiration Point kì í rí i kí ó tó dé, òkè ló ń bò ó mọ́ ọn lójú. Ojú ọ̀run níwájú wa ṣì mọ́ kedere nígbà tí ààrá sán lẹ́yìn wa. Mo ti ní i lọ́kàn pé kí n wọ inú Cascade Canyon lọ díẹ̀, ó sì dùn mí láti yí padà, ṣùgbọ́n orí àpáta tí kò sí ìbòòrùn kì í ṣe ibi tí ènìyàn máa ń dúró sí de mànàmáná. A sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ìsọ̀kalẹ̀ náà ló bá orúnkún wọn jà ju ìgòkè lọ, nígbà tí a sì fi dé ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀, wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká jọ wọ ọkọ̀ padà.”

Wọ́n ní, “Èmi ni orúnkún ń dùn, kì í ṣe ìwọ. Lọ yí i ká tán, kí o wá sọ ohun tí o rí fún mi. Ṣùgbọ́n má dá lọ o.”

Mo dúró títí ààrá fi dákẹ́, tí òjò tó rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ sì dá, mo sì tẹ̀lé tọkọtaya kan tí wọ́n ń lọ sí àríwá, tí wọ́n gbà kí n bá wọn rìn. Béárì wà ní gbogbo agbègbè yìí. Òfin ọgbà ìjọba Grand Teton, tí adágún yìí wà nínú rẹ̀, ni pé ènìyàn gbọ́dọ̀ jìnnà sí béárì ní mítà 91 ó kéré tán, ọ̀nà tó dára jù láti pa òfin náà mọ́ sì ni kí a máa sọ̀rọ̀ sókè níbi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́, kí ẹranko náà lè gbọ́ wa kí ó sì yà. Nítorí náà ni mo ṣe ń ka ẹ̀kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi láàárọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ní ohùn rara, wọ́n sì ń bi mí ní ìbéèrè.

Apá kan etí ìwọ̀ oòrùn yìí jóná ní 1999. Àwọn òkú igi funfun ṣì dúró ṣánṣán níbẹ̀, láìní ẹ̀ka, ṣùgbọ́n ìran tuntun ti pọ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, ó ga ju ènìyàn lọ, ó sì sún mọ́ra bí irun orí. Irú igi páìnì yìí máa ń ní èso tí oje dì pa, tí kì í ṣí títí tí gbígbóná iná yóò fi yọ́ oje náà. Nígbà náà ni hóró inú rẹ̀ á dà sórí eérú. Níbẹ̀, nítorí pé kò sí ewé lókè tó bo ojú, ni òkè ti tún yọ sí mi, ó gbọ̀n omi òjò dànù, kùrukùru sì ń gòkè lára rẹ̀.

A dé afárá tó wà níbi tí String Lake ti ń ṣàn wọ inú Adágún Jenny. Omi String Lake kò jìn, ó mọ́ débi pé a ń rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láti ibí yìí ni ènìyàn ti ń rí Grand Teton àti Òkè Owen tí wọ́n yọ lẹ́yìn Teewinot, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fèjìká kan èjìká. Ṣùgbọ́n omi ni mo ń wò. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Leigh, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń dẹ pàkúté mú ẹranko nítorí awọ wọn, ló fọ̀nà han àwọn onímọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà rán wá yẹ agbègbè yìí wò ní 1872. Àwọn onímọ̀ náà fi orúkọ rẹ̀ sọ adágún tó wà ní àríwá ní Leigh, wọ́n sì fi orúkọ aya rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ Shoshone, sọ èyí tó wà ní gúúsù ní Jenny. Ní òpin ọdún 1876, àrùn ìgbóná wọ ilé wọn, ó pa Jenny, ó sì pa gbogbo ọmọ wọn. Leigh nìkan ló yè. Omi tó ń kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ mi lórí afárá náà, láti inú adágún ọkọ ló ti gba String Lake wá, inú adágún aya ló sì ń lọ, tọ̀sán tòru.

Etí ìlà oòrùn ni mo fi parí ìrìn náà. Àwọn tó fẹ́ràn àwòrán yíyà máa ń gbà wá níyànjú pé kí a ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí oòrùn kọjú sí òkè, òótọ́ sì ni pé ní ọ̀sán oòrùn máa ń wà lẹ́yìn àwọn òkè náà, tí wọ́n á ṣókùnkùn. Síbẹ̀ èmi fara mọ́ ọ̀nà tí a gbà. Ẹni tó ti rìn lẹ́sẹ̀ òkè láàárọ̀, tí òkè ti bọ́ mọ́ ọn lójú, tó sì wá ń jìnnà sí i díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sán, yóò rí i bó ṣe ń dìde lẹ́yìn omi ní gbogbo ìgbà tó bá bojú wẹ̀yìn, yóò sì máa mọ ibi kọ̀ọ̀kan tó ń wò: ibí ni ìtàkìtì omi, ibí ni igbó tó jó, ẹnu yẹn ni yìnyín ti jáde. Mo ronú kan òfin tó dá ọgbà Grand Teton sílẹ̀ ní 1929: àwọn òkè àti àwọn adágún ẹsẹ̀ wọn nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ fi sínú rẹ̀, àfonífojì tó tẹ́jú kò sì wọ inú ọgbà náà bó ṣe wà lónìí títí di 1950. Àwọn tó kọ òfin náà kò ya omi kúrò lára òkè.

Ó ku díẹ̀ kí aago márùn-ún lù nígbà tí mo rí ẹ̀gbọ́n mi lókèèrè. Wọ́n jókòó sórí òkúta létí omi, wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n sì ń fi ẹnu ọ̀pá ìtilẹ̀ ya nǹkan sórí yanrìn. N kò tíì sún mọ́ wọn tán tí mo fi mọ àwòrán náà: òkè, odò yìnyín, adágún, àti ìlà gbọọrọ kan tó dí ẹnu rẹ̀, bí wọ́n ti máa ń yà á sójú pátákó. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo àwọn igi tó yí omi ká láti ọ̀tún dé òsì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi bàtà pa ìlà gbọọrọ náà rẹ́, wọ́n sì tún un fà ní títẹ̀, láti ẹsẹ̀ òkè kan dé ẹsẹ̀ òkè kejì.